Okùn Tó Lè Yọ́ Ohùn

Lọ́dún 1899, Arnold Schoenberg, ọmọ ìlú Vienna, mú ewì kan tí Richard Dehmel kọ, ó sì fi ṣe orin fún fayolíìnì méjì, fíólà méjì àti sẹ́lò méjì. Kò sẹ́ni tó ń kọrin níbẹ̀. Nínú ewì náà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan ń rìn nínú igbó lóru. Obìnrin náà jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ńlá kan, ọkùnrin náà sì gbà á mọ́ra. Orin náà ń tẹ̀ lé ìtàn yìí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmọ́ ẹni tí kò bá ka ewì náà rí kò ní gbọ́ gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ìtàn àti ìbànújẹ́ àti ìtùnú ni Dehmel fún Schoenberg. Ohùn tí fayolíìnì ń dá, Schoenberg ló lọ wá a fúnra rẹ̀. Franz Schubert ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú: ó mú orin tó kọ lọ́dún 1817 sórí ewì Matthias Claudius, ó sì fi í ṣe ìpìlẹ̀ apá kan nínú orin tó ṣe fún olókùn mẹ́rin lọ́dún 1824. Orin ìyẹ̀wù ni wọ́n ń pe irú èyí: ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ló ń ṣe é, olúkúlùkù ń dá ohùn tirẹ̀, etí àwọn tó jókòó nítòsí ni wọ́n sì ń ṣe é fún. N kò rí àléébù nínú bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé àṣà náà wá sí Erékùṣù Èkó bó ṣe wà, ohun tó ṣe pàtàkì jù nínú ewì Yorùbá la óò gbàgbé sẹ́yìn, nítorí ewì tiwa ti ní ohùn tirẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ohun èlò.

Àwọn aṣẹ̀dá orin tó jáde láti Èkó ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá mọ èyí dáadáa. Wọ́n mọ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ ló yẹ kí ohùn orin tẹ̀ lé, wọ́n kọ ìwé lé e lórí, wọ́n sì fi iṣẹ́ wọn gbè é lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun èlò ni èmi àti wọn kò ti fi ẹnu kò. Píánò àti dùùrù ni wọ́n gbé ewì lé lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí èyí tó lè yọ́ ohùn nínú méjèèjì. Ohun èlò olókùn tó lè yọ́ ọ sì wà nínú ìlú kan náà, ní Ìsàlẹ̀ Èkó gan-an, lọ́wọ́ àwọn tí kò kàwé orin. Mo gbà pé ìdí tí orin ìyẹ̀wù tiwa kò fi tíì sọ̀rọ̀ tó bó ṣe yẹ nìyẹn, àti pé ọ̀nà tó kù fún un láti gbà wà lórí okùn.

Ohùn mẹ́ta là ń kọ́ ọmọdé nílé ìwé: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Àmọ́ ẹnu kì í fò láti orí ọ̀kan sí èkejì bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Bí ohùn òkè bá tẹ̀ lé ti ìsàlẹ̀, ohùn á rọra gòkè lọ bá a. Bí ti ìsàlẹ̀ bá tẹ̀ lé ti òkè, á yọ́ wálẹ̀. Àwọn onímọ̀ èdè ń pe ìyẹn ní ohùn ẹlẹ́yọ̀ọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ a kì í fiyè sí i. Nínú ìjálá, rárà, ẹ̀sà egúngún àti ìyẹ̀rẹ̀ Ifá, ibẹ̀ gan-an ni adùn wà. Asunrárà á fa ìyọ́ náà gùn, á mú un gbọ̀n lẹ́nu, á sì jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ níparí gbólóhùn, débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri, tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan ní pàtó, á ti mọ̀ pé oríkì ni wọ́n ń kì. Ìlù dùndún lè ṣe é nítorí ọsán tí onílù ń fún mọ́ra tó sì ń tú. Píánò kò lè ṣe é. Ohùn kan ni bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní. Kò sí nǹkan kan láàárín ìyẹn àti èyí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá tẹ oríkì lórí píánò ti gé e sí wẹ́wẹ́ ná kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó là á mọ́lẹ̀ jù lọ l'Ékòó pé ọ̀rọ̀ ló ni orin ni Thomas King Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips. Wọ́n bí i lọ́dún 1884, ó kàwé ní Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1911 sí 1914, ó sì padà wá di atẹdùùrù àti ọ̀gá orin ní Kàtídírà Church of Christ ní Màrínà. Ipò yẹn ló wà títí di 1962, ọdún méjìdínláàádọ́ta. Lọ́dún 1953 ni ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde, tó sì sọ nínú àkọlé pàápàá pé ibi tí ọ̀rọ̀ àti orin ti di ọ̀kan ni òun ń wò. Ìṣòro tó mú un kọ ọ́ kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó mọ ṣọ́ọ̀ṣì Yorùbá. Àwọn míṣọ́nnárì àti àwọn ọmọ ìlú tó bá wọn ṣiṣẹ́ túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, wọ́n sì gbé e lé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì. Orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀, ìjọ sì ń fi gbogbo agbára kọ ohun tí kò nítumọ̀, tàbí ohun tí ìtumọ̀ rẹ̀ burú débi pé ó sàn kó má ní. Phillips ní kí wọ́n yí i padà: kí ọ̀rọ̀ ṣáájú, kí orin tẹ̀ lé e. Ká sọ òótọ́, ìgboyà ńlá ni. Ọkùnrin tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ òyìnbó, tó ń gba owó oṣù nínú ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ Áńgílíkà, ní òpópónà kan náà tí ilé Gómìnà ìjọba amúnisìn wà, ló ń sọ fún àwọn ọmọ ìjọ pé ohùn tí wọ́n ń kọ láti ìgbà èwe wọn ń ba èdè wọn jẹ́.

Àwọn tó kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré. Fẹlá Ṣówándé, tí wọ́n bí lọ́dún 1905, wà lára àwọn ọmọdékùnrin akọrin rẹ̀. Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí wọ́n bí lọ́dún 1935, náà wà níbẹ̀, inú ìdílé àwọn atẹdùùrù ló sì ti jáde. Nígbà tí Ṣówándé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin fún dùùrù nìkan, orin Yorùbá ló fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, tó sì ń sọ wọ́n ní orúkọ tí a fi ń yin Ẹlẹ́dàá, bíi Ọ̀yígíyigì àti Ọbáńgíjì. Ohun àrà tó wà nínú àwọn orin yẹn ni pé kò sí akọrin, síbẹ̀ Yorùbá tó bá mọ orin ìpìlẹ̀ náà ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú páìpù dùùrù. Ibí yìí ni a ti yàtọ̀ pátápátá sí Schoenberg. Ẹni tó bá gbọ́ orin tirẹ̀ lè mọ̀ pé ìbànújẹ́ ni. Ẹni tó bá gbọ́ ti Ṣówándé lè mọ gbólóhùn. Bánkọ́lé ní tirẹ̀ gba ọ̀nà tó rọrùn láti ṣàlàyé: lọ́dún 1959, nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó kọ orin Yorùbá mẹ́ta fún ohùn ọkùnrin kan àti píánò. Olórin ló gbé ọ̀rọ̀, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ sì lè yọ́ bó ṣe fẹ́. Píánò dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń tún un sọ, ó ń dá a lóhùn, ó ń lu ìlù fún un. Iṣẹ́ tó dára ni, mo sì fẹ́ràn bó ṣe mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí olórin bá dákẹ́, kí ló kù? Ìlù àti ìró ló kù. Ewì ti bá ọ̀fun lọ.

Akin Euba, ọmọ bíbí Èkó, tí òun náà wáyé lọ́dún 1935, ló ronú sí ìṣòro yìí jù. Nígbà tó wà ní Trinity College lọ́dún 1957, ó kọ orin fún olókùn mẹ́rin, iṣẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọ́ èdè àwọn ọ̀gá rẹ̀. Lọ́dún 1963 ló kọ Igi Ńlá Ṣo, fún píánò àti ìlù Yorùbá mẹ́rin. Orin yìí ṣe pàtàkì sí àríyànjiyàn mi ju gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yòókù lọ, nítorí pé ó gbé ohun èlò tó lè sọ̀rọ̀ àti èyí tí kò lè sọ̀rọ̀ sínú yàrá kan náà. Euba kò fi agbára mú píánò ṣe bí ẹni tó ní ẹnu. Ó jẹ́ kó ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe: kó lu ọwọ́ kan náà léraléra, kó dún gbọ̀ngbọ̀n nísàlẹ̀, kó ta kìtì lókè. Nígbà tó yá, ó sọ ọ̀nà yìí di ìlànà, ó ní àwọn ọmọ Áfíríkà lè ní ọ̀nà tiwọn láti tẹ píánò, tí ìlù, agogo àti agídìgbo yóò jẹ́ olùkọ́ wọn. Ó tún lọ fi ọdún púpọ̀ kọ́ nípa dùndún, ó sì gba oyè ọ̀mọ̀wé lórí rẹ̀ ní Yunifásítì Gánà lọ́dún 1974. Kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ ohun tó ń ṣe.

Èyí gan-an ni ẹni tó bá fẹ́ tako mi yóò kọ́kọ́ mú wá. Á ní: Euba ti fi hàn pé píánò tó, nítorí ewì kì í ṣe ohùn nìkan, ó ní ìlù nínú, ó ní àwítúnwí, ó ní gbólóhùn tó ń dá gbólóhùn lóhùn. Òótọ́ ni. Ẹsẹ Ifá kò lè wà láìsí àwítúnwí, ìjálá kò lè wà láìsí ìgbà tí ohùn ń sáré àti ìgbà tó ń rọra lọ. Píánò lè gbé gbogbo ìyẹn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìwọ̀nyí wà nínú ewì gbogbo ayé. Schoenberg lè rí wọn nínú ewì Dehmel. Ohun tó jẹ́ ti Yorùbá nìkan, tàbí ti àwọn èdè bíi tiwa, ni pé gíga àti ìsàlẹ̀ ohùn ni ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí aṣẹ̀dá orin bá fi èyí sílẹ̀ tó mú ìyókù, ó ti kọ orin tó dára, ṣùgbọ́n ó ti fi ohun tó lè fún un ní àǹfààní lórí Vienna sílẹ̀. Igi Ńlá Ṣo fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i: ìlù mẹ́rin ni Euba gbé wá dúró ti píánò.

Báwo ni píánò ṣe wá gba ipò yìí? Kì í ṣe nítorí pé ẹnikẹ́ni jókòó wò ó pé òun ló bá ewì mu. Ṣọ́ọ̀ṣì ló mú dùùrù wá, ilé ìwé ló mú píánò wá, ilé ọlọ́rọ̀ tó fẹ́ fi hàn pé òun ti lajú ló sì ra tirẹ̀ sí pálọ̀. Ní ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ń pàdé fún eré orin lálẹ́, Gbọ̀ngàn Glover tí wọ́n ṣí lọ́dún 1887 sì di ojúkò irú ìpàdé bẹ́ẹ̀. Orin tí wọ́n ń kọ níbẹ̀ jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Jámánì, ohun èlò tó bá a lọ ni wọ́n sì ń lò. Nígbà tí àwọn ọmọ wọn wá fẹ́ kọ orin Yorùbá sílẹ̀, ohun tí wọ́n bá nílé ni wọ́n jókòó sí. N kò dá wọn lẹ́bi. Àmọ́ kò yẹ kí a sọ ohun tí ipò ìgbà náà fà di ìlànà ayérayé.

Ẹ wá wo ohun tó ń lọ ní apá kejì erékùṣù náà. Láti Kàtídírà Màrínà dé Ìgà Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, kò tó ìrìn wákàtí kan. Téèyàn bá gba Tinúbú kọjá sí Ìdúmọ̀tà, ó ti wọ Ìsàlẹ̀ Èkó. Láàárín àwùjọ Mùsùlùmí Èkó ni sákárà ti gbilẹ̀ ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì. Abíbù Olúwa ni olórí àwọn olórin rẹ̀ nígbà náà, ó sì gbà á sórí àwo. Yusuf Ọlátúnjí wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kí ni sákárà? Olórin kan tó ń ki èèyàn, ìlù sákárà alámọ̀ tí wọ́n fi awọ bò lójú, igbá, àti okùn, ìyẹn mólò tàbí góje. Èèyàn kéréje, yàrá tàbí àgbàlá, oríkì àti òwe àtijọ́, ohùn tí kò ga, àwọn olùgbọ́ tó mọ ẹni tí wọ́n ń kì. Bí a bá ka ohun tí wọ́n ń pè ní orin ìyẹ̀wù lẹ́yọ lẹ́yọ, sákárà ni. Ohun kan ṣoṣo tí kò ní ni ìwé orin.

Góje ló fà mí mọ́ra jù. Igbá ni, wọ́n fi awọ bo ojú rẹ̀, okùn irun ẹṣin kan ṣoṣo ló gùn ún, wọ́n sì ń fi ọrun onírun ẹṣin fà á. Kò sí ibi tí wọ́n sàmì sí pé kí ìka dúró. Ìka ń rìn lórí okùn, ohùn ń rìn pẹ̀lú rẹ̀, ó ń tọ olórin lẹ́yìn bí ó ṣe ń yọ́ lọ sókè tó sì ń yọ́ wálẹ̀. Nínú àwọn àwo Yusuf Ọlátúnjí, èèyàn á gbọ́ góje tó gba gbólóhùn lẹ́nu olórin, tó tún un sọ, tí etí sì ń bá a fi ọ̀rọ̀ sí i. Fayolíìnì àti sẹ́lò náà kò ní àmì lójú okùn. Ohun tí góje ń ṣe ni wọ́n lè ṣe, pẹ̀lú okùn mẹ́ta sí i. Ó yà mí lẹ́nu pé láàárín gbogbo ọdún tí Phillips fi ń wá orin tí yóò gbọ́ràn sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ìwé rẹ̀ kò sọ góje di ọ̀nà àbáyọ. Bóyá ẹ̀sìn ló pààlà sí i: sákárà jẹ́ ti àwọn tó ń lọ sí mọ́ṣáláṣí, dùùrù jẹ́ ti Màrínà. Bóyá ipò láwùjọ ni. Èkó kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n ìdí tí ẹni méjì kò fi ní jókòó pọ̀ kò kéré nínú rẹ̀.

Àwọn kan á ní góje kì í ṣe ti Yorùbá, Òkè Ọya ló ti wá, tòun ti mólò. Mo gbà. Fayolíìnì náà, ọ̀nà òkun ló gbà wá. Àlejò ni méjèèjì. Èyí tó kọ́kọ́ dé ti kọ́ èdè onílé, ìyẹn ló sì mú kí n fẹ́ kí èkejì lọ jókòó tì í.

Àtakò tó wúwo ju ìyẹn lọ wà. Bí ohun èlò bá ń sọ̀rọ̀ láìsí ọ̀rọ̀, ta ló mọ ohun tó ń sọ? Ohùn kan náà lè bá gbólóhùn mẹ́wàá mu. Ìlù tí wọ́n fi ń ṣí ètò lórí rédíò ní Ìbàdàn láyé àtijọ́ ni ẹ̀rí tí gbogbo èèyàn mọ̀: iléeṣẹ́ rédíò ní ohun tí wọ́n ní kí ìlù wí, àwọn ará ìlú sì sọ ọ́ di ìbéèrè nípa ẹni tí yóò jẹ Olúbàdàn bí èyí tó wà lórí oyè bá wàjà. Àtakò yìí lágbára, kò sì ṣeé fi ọwọ́ rọ́ tì. Ìdáhùn mi ni pé ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fi ń sọ̀rọ̀ ewì àtijọ́, tí n kò sọ̀rọ̀ ewì tuntun. Bí aṣẹ̀dá orin bá mú ewì tó jáde lọ́dún tó kọjá, tó sì fi sẹ́lò dá ohùn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n oríkì ti wà létí kí okùn tó dún. Ọmọ ìgà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn agboolé ìjòyè, ní Ìsàlẹ̀ Èkó mọ bí wọ́n ṣe ń ki ilé wọn. Bí eégún Ẹ̀yọ̀ ìgà kọ̀ọ̀kan ṣe ní akẹtẹ̀ tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ló ṣe ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Irú olùgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní béèrè ohun tí okùn wí. Ní ti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, wọ́n á gbọ́ orin lásán, wọn kò sì pàdánù ju ohun tí àwa ń pàdánù nígbà tí a bá gbọ́ Schoenberg láìka Dehmel. Iyèméjì tó bá sì kù wà lára eré náà. Onílù tó bú èèyàn lójú agbo, tó sì lè sẹ́ pé ìwúre ni òun ń ṣe, mọ iyì rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń sọ pé ìwé ń pa ewì ẹnu. Asunrárà kì í sun rárà kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó wà níwájú rẹ̀ ló ń darí rẹ̀, owó tí wọ́n fi lé e níwájú orí náà sì ní ohun tó ń ṣe. Bí a bá kọ ọ́ sílẹ̀ fún olókùn mẹ́rin, a ti so ó mọ́lẹ̀. Èyí jẹ́ òótọ́ nípa rárà, kò sì jẹ́ òótọ́ nípa Ifá. Wándé Abímbọ́lá, onímọ̀ Ifá, ti ṣàlàyé nínú àwọn ìwé rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń sun ìyẹ̀rẹ̀: ọ̀kan nínú àwọn babaláwo á dá a, àwọn yòókù á máa fi ohùn gbè é bó bá ti ń sọ ọ́ bó ṣe tọ́, bó bá sì ṣì í, wọ́n á dá a dúró lójú gbogbo èèyàn. Ẹsẹ tó le koko bí ohun tí a kọ sínú ìwé ni, agbárí èèyàn ni wọ́n kàn ń tọ́jú rẹ̀ sí. Nítorí náà ó yẹ kí aṣẹ̀dá orin mọ irú ewì tó mú. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀rẹ̀, kó kọ gbogbo ohùn sílẹ̀, kó má ṣe fi àyè sílẹ̀ fún ìyípadà, kó sì jẹ́ kí àwọn olókùn mẹ́ta gbè fún ẹ̀kẹrin. Ètò tí ìyẹ̀rẹ̀ ní tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Bó bá jẹ́ rárà, kó kọ ìpìlẹ̀, kó sì jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn ní òmìnira láti fa ohùn gùn tàbí kó gé e kúrú. Àìmọ ìyàtọ̀ yìí ti ba iṣẹ́ jẹ́ ju àìmọ àmì orin lọ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò yẹ kó pẹ́ lọ títí. Àwọn kan kò fẹ́ gbọ́ Ifá nínú gbọ̀ngàn, àwọn mìíràn gbà pé ohun ọ̀wọ̀ kì í ṣe eré. Ṣówándé, ọmọ àlùfáà tó dàgbà nídìí dùùrù Kàtídírà, lọ ṣèwádìí Ifá ní Yunifásítì Ìbàdàn ní àwọn ọdún 1960, ó sì kọ̀wé lé e. Bach náà kọ orin ìsìn tí àwọn aláìgbàgbọ́ ń sanwó láti lọ gbọ́.

Ẹ̀sùn pé ti àwọn èèyàn díẹ̀ ni orin yìí ló máa ń pẹ́ jù lẹ́nu àwọn èèyàn. MUSON, ẹgbẹ́ olólùfẹ́ orin ní Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1983, ilé wọn sì ṣí ní Oníkàn lọ́dún 1995. Ilé ìwé orin wà nínú rẹ̀, gbọ̀ngàn ńlá wà, gbọ̀ngàn kékeré tó yẹ irú orin yìí náà wà. Àwọn tó ń wọlé síbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ orin kì í sábà jẹ́ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó. N kò ní jiyàn èyí. Ohun tí n kò gbà ni pé ìwọ̀nba èèyàn tó ń gbọ́ orin kan ló ń sọ pé kì í ṣe ti ìlú. Ìyẹ̀rẹ̀ kò fìgbà kan jẹ́ orin ọjà. Gbẹ̀du ààfin kò fìgbà kan jẹ́ ìlù tí ẹni tó bá wù ú lè lù. Láwùjọ tiwa, ọ̀pọ̀ ohun tó jinlẹ̀ jù jẹ́ ti àwọn díẹ̀ tó lo ọdún púpọ̀ láti mọ̀ ọ́n, tí àwọn yòókù sì ń bọ̀wọ̀ fún un láìwọ inú yàrá. Bí ẹ̀bi kan bá wà, ó wà níbi pé ẹni tó mọ oríkì kò sí nínú gbọ̀ngàn, ẹni tó sì wà nínú gbọ̀ngàn kò mọ oríkì. Oníkàn fúnra rẹ̀ fi èyí hàn. Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé tó ṣí lọ́dún 1957 wà níbẹ̀, MUSON wà níbẹ̀, Ilé Àṣà Yorùbá J. K. Randle náà ti wà níbẹ̀ báyìí. Tòsí tòsí ni gbogbo wọn wà sí ara wọn: ìtàn Yorùbá nínú ilé méjì, fayolíìnì nínú ẹ̀kẹta.

Ohun tó ṣòro jù nínú àbá mi kò sí lọ́wọ́ aṣẹ̀dá orin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí lọ́wọ́ olùgbọ́. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ló wà. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ tó ń kọ́ fayolíìnì pé kí ìka rẹ̀ bọ́ sójú ibi tó yẹ gẹ́lẹ́, kó má rìn lórí okùn. Ìyọ́ jẹ́ àṣìṣe, tàbí ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń gbà láàyè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọmọ náà bá fi máa yege ìdánwò, ó ti gbàgbé ohun tí ẹnu rẹ̀ ń ṣe lójoojúmọ́. Bí a bá wá gbé oríkì tí a kọ sórí ìwé fún un, á ta á bí ẹni tó ń tẹ píánò, àbá mi yóò sì já sófo lójú gbogbo ayé. Àmì orin pàápàá kò lè ràn án lọ́wọ́ púpọ̀: a lè fi ìlà so ohùn méjì pọ̀ láti sọ pé kó yọ́, ṣùgbọ́n ìlà kò sọ bí ìyọ́ náà ṣe máa yára tó, bóyá ìbẹ̀rẹ̀ ló ti máa sáré ni àbí òpin. Ẹnu ló mọ ìyẹn. Ọ̀nà tó kúrú jù tí mo mọ̀ ni pé kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ wí ẹsẹ náà sókè, kó kọ ọ́ lórin láìwo ohun èlò, kó wá fi ìka kan ṣoṣo wá a lórí okùn kan ṣoṣo bí alágóje ṣe ń ṣe, kí wọ́n tó gbà á láàyè láti lo ìka yòókù. Ìwé ìdánrawò fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní gùn: òwe díẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ oríkì ìlú márùn-ún tàbí mẹ́fà, ẹsẹ Ifá kúkúrú kan tàbí méjì, tí a to láti èyí tó rọrùn dé èyí tó le. Ẹni tó yẹ kó kọ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ fayolíìnì, kó sì ti jókòó pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ alágóje. Ìwé ẹ̀rí fún ti àkọ́kọ́ wà ní Oníkàn, ti èkejì kò ní ìwé ẹ̀rí.